Wọn Ò Gbọdọ̀ Ṣiṣẹ́ Lóru: Bí Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Rí ní Yúróòpù Àtijọ́

Ní ọdún 1345, àwọn tó ń rọ kẹ́sẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ òfin iṣẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú olórí ìlú. Kẹ́sẹ́ ni irin ṣóńṣó tí ẹlẹ́ṣin máa ń dè mọ́ gìgísẹ̀, tó fi ń gún ẹṣin ní ìhà. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣiṣẹ́ mọ́ tí agogo alẹ́ bá ti dún ní ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre, nítorí pé iṣẹ́ òru kì í dán tó iṣẹ́ ọ̀sán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá tú àṣírí ara wọn. Wọ́n ní àwọn oníjìbìtì àárín wọn ló fẹ́ràn òru, torí òru ni wọ́n ń rí irin tó ti sán lò, tí wọ́n sì ń fi wúrà bo bàbà burúkú lójú. Àwọn mìíràn á máa fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri látàárọ̀, ìgbà tí ọtí bá pa wọ́n tán ni wọ́n á tó dáná. Wọ́n á wá máa fẹ́ ẹwìrì kíkankíkan, ìpẹ́pẹ́ iná á máa ta jáde lójú ihò èéfín, aláìsàn àti aládùúgbò ò sì ní rí oorun sùn.

Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kínní á san pẹ́nì 40. Lẹ́ẹ̀kejì, pẹ́nì 80. Lẹ́ẹ̀kẹta, ṣílè 10, èyí tó jẹ́ pẹ́nì 120. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí ayé. Owó ìtanràn yìí, ìdajì rẹ̀ á lọ sápò ìlú, ìdajì á lọ sápò ẹgbẹ́.

Ẹ dì ọ̀rọ̀ ìdajì-ìdajì yẹn mú, torí òun ló ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ohun tó kù. Àdéhùn ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà: ìlú gbà kí àwọn ọ̀gá kan nìkan máa ṣe iṣẹ́ kan, àwọn ọ̀gá náà sì gbà pé bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, ọwọ́ àwọn ni kí ìlú ti béèrè.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹgbẹ́ báyìí ní guild, Faransé ń pè é ní métier, Jámánì ní Zunft, Ítálì ní arte. Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń kó pọ̀ mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ oníṣòwò. Ìyẹn ni ti àwọn tó ń ra ọjà láti ìlú kan tí wọ́n ń tà á ní ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ti wà ní ìlú kí ti oníṣẹ́ ọwọ́ tó dé. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan: ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, oníbúrẹ́dì, alawọ.

Ìkejì ló burú jù: àwọn kan rò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, irú èyí tó máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ torí owó oṣù. Rárá o. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àti irinṣẹ́, tó ń gba ọmọ iṣẹ́, òun ni ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń gbowó ojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ẹgbẹ́, àmọ́ kò lẹ́nu nínú ìpàdé. Ní 1387, àwọn agbowó-ojúmọ́ nídìí iṣẹ́ bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ àdúrà. Àwọn ọ̀gá wọn fẹjọ́ sùn, ìlú sì ju àwọn aṣáájú wọn sí ẹ̀wọ̀n Newgate.

Ẹ̀tọ́ tí àwọn ọ̀gá ní yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìwé ìṣirò owó ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1130 fi hàn pé àwọn ahunṣọ Lọ́ńdọ̀nù ń san pọ́n-ùn 16 nítorí ẹgbẹ́ wọn. Ní 1155, Ọba Henry Kejì fún wọn ní ìwé àṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá sí iṣẹ́ ìhunṣọ nínú ìlú náà àyàfi nípasẹ̀ wọn, wúrà ni wọ́n sì ń san lọ́dọọdún nítorí rẹ̀. Ní Párísì, Étienne Boileau, tó jẹ́ aṣojú ọba nínú ìlú náà, kó òfin iṣẹ́ bí 100 jọ sínú ìwé kan ní nǹkan bí 1268. Ẹni tó bá ka ìwé náà á rí i pé iṣẹ́ ò dọ́gba. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe bó bá ti mọ̀ ọ́n, tó sì ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn kọ́kọ́ ra àyè rẹ̀ lọ́wọ́ ọba.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọlé? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bàbá tàbí alágbàtọ́ ọmọ á bá ọ̀gá ṣe àdéhùn, wọ́n á sì kọ ọ́ sórí awọ àgùntàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí awọ kan ṣoṣo, á wá fi ọ̀bẹ gé e sí méjì ní wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn. Ọ̀gá á mú apá kan, ẹbí ọmọ á mú ìkejì. Bí ìjà bá dé lọ́jọ́ iwájú, tí ẹnì kan mú ìwé tó yàtọ̀ wá, eyín méjèèjì ò ní wọ inú ara wọn. Láti inú ọ̀rọ̀ eyín lédè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí indenture, orúkọ tí wọ́n ń pe ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ títí dòní.

Nínú ìwé náà, ọ̀gá á ṣèlérí oúnjẹ, aṣọ, ibùsùn àti iṣẹ́ kíkọ́. Ọmọ á ṣèlérí pé òun ò ní jí nǹkan ọ̀gá, òun ò ní ta tẹ́tẹ́, òun ò ní máa gbé ilé ọtí, òun ò sì ní gbéyàwó títí àsìkò òun á fi pé. Ọdún 7 ló kéré jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún alágbẹ̀dẹ wúrà Párísì, ọdún 10 ni.

Kí ló ń mú kí ọdún gùn tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ìhunṣọ le tó láti kọ́ fún ọdún 7 ni? Òfin àwọn ahunṣọ Párísì fúnra rẹ̀ dáhùn: ọmọ tó bá mú pọ́n-ùn 4 owó Párísì wá, ìyẹn sou 80, lè kọ́ṣẹ́ fún ọdún 4. Ẹni tó mú sou 60 wá á lo ọdún 5, ẹni tó mú sou 20 á lo ọdún 6, ẹni tí kò mú nǹkan kan wá á lo ọdún 7. Ẹ rí i pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́. Ọdún mẹ́ta àsẹ̀yìnwá kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ mọ́, owó ni ọmọ tálákà ń fi òógùn ojú rẹ̀ san. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi máa ń fòfin de iye ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá kan lè gbà. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní Párísì, ọmọ àjèjì kan tàbí méjì ni, yàtọ̀ sí ọmọ bíbí inú ọ̀gá. Bí wọ́n bá fi ọ̀gá sílẹ̀ kó gba ọmọ mẹ́wàá tí kò ní í sanwó fún, á ta ọjà ní ẹ̀dínwó débi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní rí tà mọ́.

Ẹni tó bá ti jó níbi fíríìdọ̀mù télọ̀ tàbí mẹkáníìkì nílé wa ti mọ orúkọ ohun tó kàn. Freedom náà ni wọ́n ń pè é ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ jinlẹ̀ ju kí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá lọ. Ẹni tó gbà á ti di ọmọ ìlú pátápátá: ó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó lè tajà ní ìwọ̀n kéékèèké, ó sì lè gba ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti dé ibẹ̀: kéèyàn kọ́ṣẹ́ parí, kó jẹ́ ọmọ ẹni tó ti ní in, tàbí kó rà á lówó gọbọi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fi ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ parí ló lọ ń gbowó ojúmọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Láti inú ọ̀rọ̀ Faransé journée, iṣẹ́ ọjọ́ kan, ni Gẹ̀ẹ́sì ti pè wọ́n ní journeyman. Ẹ má jẹ́ kí journey tó wà nínú rẹ̀ tàn yín. Ìrìn àjò kọ́ ló ń sọ. Ní Jámánì ni ìrìn ti wọ̀ ọ́ gan-an: nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ọmọ iṣẹ́ tó parí rìn láti ìlú dé ìlú fún ọdún mélòó kan kó tó lè sọ pé òun fẹ́ di ọ̀gá.

Ìloro ìkẹyìn ni iṣẹ́ àfihàn, tí Faransé ń pè ní chef-d'œuvre, tí Jámánì ń pè ní Meisterstück. Lórí ìwé, ìdánwò ọwọ́ ni. Ẹni náà á ṣe ohun kan tó le, àwọn ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọdún 1400 fi kọjá, ó ti di ọgbà oníwàyà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Olùdíje ló ń ra irin tàbí fàdákà tó fẹ́ lò, òun ló ń san owó ìwọlé, òun náà ló ń se àsè fún àwọn tó fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Ọmọ ọ̀gá, ní tirẹ̀, lè má ṣe iṣẹ́ àfihàn rárá, tàbí kó ṣe èyí tó rọrùn. Ẹni tó fẹ́ opó ọ̀gá máa ń rí ìrọ̀rùn kan náà. N ò rí bí a ṣe lè pe ìyẹn ní ìdánwò ọwọ́.

Síbẹ̀, kéèyàn má sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ. Níbi fàdákà, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Fàdákà tí kò ní nǹkan míì nínú rọ̀ jù, ife tí wọ́n bá fi ṣe á máa tẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ bàbà díẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ojú lásán ò lè mọ bàbà díẹ̀ yàtọ̀ sí bàbà púpọ̀. Ní 1300, òfin Ọba Edward Kìíní sọ iye rẹ̀: bí a bá pín ìwọ̀n pọ́n-ùn kan sí 240, fàdákà gidi gbọ́dọ̀ gba 222, bàbà á gba 18 tó kù. Ìpín 925 nínú 1000 nìyẹn, tí a ń pè ní sterling. Kò sí ohun èlò kan tó gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é àfi bí àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ bá ti dán an wò, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ orí àmọ̀tẹ́kùn sí i.

Báyìí ni wọ́n ń dán an wò. Wọ́n á ha ìwọ̀nba díẹ̀ lára ohun èlò náà, láti oríṣiríṣi ibi, tó fi mọ́ ọwọ́ ife àti ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni oníjìbìtì máa ń fi fàdákà burúkú sí. Wọ́n á wọn ohun tí wọ́n ha náà lórí òṣùwọ̀n kékeré. Wọ́n á wá fi òjé kún un, wọ́n á gbé e sínú àwo kékeré kan tí wọ́n fi eérú egungun mọ, wọ́n á sì tì í sínú iléru. Òjé á yọ́, á gbé bàbà mọ́ra. Afẹ́fẹ́ á sọ àwọn méjèèjì di oje tí eérú egungun náà á fà mu bí ìgbà tí kànìnkànìn bá ń fa omi, fàdákà nìkan ni kò ní wọlé. Nígbà tí òjé tó gbẹ̀yìn bá lọ, èyí tó kù á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ róbótó. Wọ́n á tún un wọ̀n. Ohun tó dín nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni bàbà.

Ibi méjì ni ọwọ́ ti máa ń yẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, díẹ̀ nínú fàdákà náà á bá òjé lọ, ọ̀gá tí kò jalè á sì jẹ̀bi. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́ kúrò nínú iná lójijì, fàdákà á tu atẹ́gùn tó ti gbé mì, á ta pàràpàrà, ẹ̀rún rẹ̀ á fò dànù, ìwọ̀n á tún dín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tutù.

Ní 1363, wọ́n fi kún un pé kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Ní 1478, wọ́n fi ayẹ̀wò sí ojú kan, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu lẹ́tà kan tó ń yí padà lọ́dọọdún, kí ìlú lè mọ alámòójútó tó wà nípò nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Gbọ̀ngàn yẹn, hall, ló bí ọ̀rọ̀ hallmark. Wọ́n ṣì ń lu orí àmọ̀tẹ́kùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ra òrùka fàdákà tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ lè fi awò wo inú rẹ̀.

Ti búrẹ́dì yàtọ̀, torí ẹnu gbogbo ìlú ló kàn. Ọba àti ìlú ló di okùn ibẹ̀ mú, kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan. Òfin búrẹ́dì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àwọn ọdún 1260 kò jẹ́ kí oníbúrẹ́dì fowó lé ọjà rẹ̀. Iye owó ò yí padà, ìwọ̀n búrẹ́dì ló ń yí: bí àlìkámà bá wọ́n, búrẹ́dì á kéré, bó bá pọ̀, búrẹ́dì á tóbi. (Àwa tí búrẹ́dì wa ń fún, tí owó rẹ̀ tún ń lé sí i, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.) Ní 1327, ọwọ́ tẹ oníbúrẹ́dì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ John Brid. Àwọn aládùúgbò máa ń gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kó bá wọn yan án. Orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, ihò sì wà lójú tábìlì náà, pẹ̀lú ìdérí tó ń ṣí tó ń pa dé. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ á jókòó sábẹ́ tábìlì, á máa já a gbà díẹ̀díẹ̀ níṣojú onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé oníbúrẹ́dì wò káàkiri, John Brid nìkan kọ́ ló ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sídìí igi ẹ̀sín láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó ha ọ̀daràn lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n bá ìyẹ̀fun lábẹ́ tábìlì wọn, wọ́n so ìyẹ̀fun náà mọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn tó ní ihò tí wọn ò bá ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ wọn náà dúró síbẹ̀, àmọ́ ọrùn tiwọn ṣófo.

Ààlà iṣẹ́ tún jẹ́ ibi tí òfin ti máa ń rú ènìyàn lójú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń fi awọ tuntun ṣe bàtà yàtọ̀ sí ẹni tó ń tún ògbólógbòó rán, àárín àwọn tó ń fi awọ tuntun ṣe é náà sì tún pín: ẹni tó ń lo awọ ewúrẹ́ irú ti Córdoba, ìlú kan ní Sípéènì, kò gbọdọ̀ po ti àgùntàn mọ́ ọn. Ìdí wà fún ìyẹn, torí awọ àgùntàn máa ń tètè ya, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá kùn ún tán, oníbàárà ò ní mọ̀. Àmọ́ ti atúnbàtàṣe ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi awọ tuntun lẹ bàtà àtijọ́ nídìí, ta ló pa lára? Ṣúmẹ́kà tó fẹ́ kí onítọ̀hún ra tuntun ni. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó wà nínú ìwé ìlú ló jẹ́ ti irú ààlà báyìí.

Ẹgbẹ́ tún jẹ́ àpótí àti àbẹ́là. Ní 1346, àwọn tó ń fi álọ́ọ̀mù ṣe awọ funfun ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ sínú òfin wọn pé kí àbẹ́là máa jó níwájú ère Màríà ní ṣọ́ọ̀ṣì All Hallows, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa dá owó sínú àpótí. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ogbó tàbí àìsàn bá sọ di aláìní á máa gba pẹ́nì 7 lọ́sẹ̀, bó bá jẹ́ ẹni tó ní orúkọ rere. Bó bá kú, opó rẹ̀ á máa gba pẹ́nì 7 náà, níwọ̀n ìgbà tó bá ń hùwà dáadáa tí kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Ní ìlú York, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé apá kan nínú ìtàn Bíbélì jáde lójú pópó lọ́jọ́ ọdún: àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi kan ọkọ̀ Nóà, oníbúrẹ́dì gbé Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn. Ìjọsìn ni, ìpolówó ọjà náà sì ni.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Opó ọ̀gá sábà máa ń di ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ mú. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti obìnrin gan-an kò pọ̀, àmọ́ ó wà: àwọn tó ń ran òwú sílíìkì ní Párísì wà nínú ìwé Boileau, àwọn obìnrin Cologne ní Jámánì sì ní ti olówùú ní 1397 àti ti sílíìkì ní 1437. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin onísílíìkì gba ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn eléyín bíi ti ọkùnrin, àmọ́ wọn ò ní ẹgbẹ́ tí ìlú mọ̀ rí.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti hàn kedere jù ni ìlú Florence ní Ítálì. Ẹgbẹ́ 21 ló wà níbẹ̀, 7 ńlá àti 14 kékeré, láti 1293 sì ni òfin ti ní kí ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ má dé ipò ìjọba ìlú. Ìdí nìyẹn tí Dante, akéwì, fi forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ oníṣègùn àti olóògùn. Ẹgbẹ́ onírun àgùntàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ńlá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni olówó tó ń kó irun àgùntàn wọlé tí wọ́n ń gbé e fún àwọn tó ń fọ̀ ọ́, tó ń lù ú, tó ń yà á. Àwọn afọwọ́ṣiṣẹ́ wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní Ciompi, ò sí nínú ẹgbẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ dá tiwọn sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ẹgbẹ́ ọ̀gá wọn ló sì ń dá wọn lẹ́jọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 1378, wọ́n dìde, wọ́n gba ààfin ìlú, wọ́n sì fi Michele di Lando, tó ń ya irun àgùntàn, ṣe olórí ìjọba. Ẹgbẹ́ tiwọn wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n béèrè. Wọ́n dá mẹ́ta tuntun sílẹ̀: ti àwọn aláró, ti àwọn aránṣọ, àti ti Ciompi fúnra wọn. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n ti fi ogun tú ti Ciompi ká, Michele di Lando wà lára àwọn tó lé wọn. Méjì tó kù dúró títí di ọdún 1382, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá gba ìlú padà, tí wọ́n sì pa àwọn náà rẹ́.